Ọkọ̀ Àfijọ Porsche Tí Ará Wa Ń Kọ́ ní Galadimawa: Ibo Ni Kí Dígí Ẹ̀gbẹ́ Wà?

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń gbé ní Galadimawa, ní Àbújá níbí, ló ra Volkswagen Ìjàpá àtijọ́ kan, tó bọ́ gbogbo ara rẹ̀ dànù, tó wá gbé ara fáíbà lé e lórí kó lè jọ Porsche 356 Speedster, ọkọ̀ spọ́ọ̀tù olórí ṣíṣí tí àwọn ará Jámánì gbé jáde ní 1954. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń ṣe é díẹ̀díẹ̀ ní àgbàlá ilé rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ti ń dún, bíréèkì ti ń mú, wọ́n ti fi ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà kùn ún. Ohun tó wá dá a dúró fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò ju dígí ẹ̀gbẹ́ méjì lọ, ìyẹn sáìdì-mírọ̀ tí gbogbo wa mọ̀.

Àwọn kan nínú wa rẹ́rìn-ín nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní ìpàdé. Dígí kẹ̀? Kí ló wà nínú kéèyàn lu ihò méjì kó fi bóòtù dè é? Àmọ́ nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, tí a jókòó sínú ọkọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín tán lẹ́nu wa. Ọkọ̀ tó jáde láti ilé-iṣẹ́, àwọn tó ṣe é ti wọn ibi tí ojú awakọ̀ máa wà kí wọ́n tó pinnu ibi tí dígí máa wà. Èyí tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó bá a wọ̀n ọ́n. Bí wọ́n bá sì ti lu ihò sára fáíbà, iṣẹ́ ńlá ni láti dí i padà, àpá rẹ̀ sì lè máa yọ lábẹ́ ọ̀dà títí ayé.

Ó ní ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ká a lára. Kì í ṣe ọkọ̀ tí wọ́n máa bo aṣọ lé lórí kí àlejò máa wá wò. Ó fẹ́ kí òun àti ìyàwó òun wà á lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde nígbà Iléyá, kí wọ́n bá wọn débi Ojúde Ọba tó máa ń wáyé ní ọjọ́ kẹta ọdún. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà náà: láti Àbújá sí Lọ́kọ́ja, Òkénè, Ọ̀wọ̀, Àkúrẹ́, títí dé Òrè, kẹ́ ẹ tó já sí Ìjẹ̀bú. Ọ̀nà tírélà ni. Ọkọ̀ tó rẹlẹ̀ tó báyìí, tí ojú awakọ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju táyà tírélà lọ, bí ẹni tó ń wà á kò bá rí ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, ẹ̀mí ló fi ń ṣeré yẹn.

Kò yà wá lẹ́nu pé Ìjàpá ló fi ṣe ìpìlẹ̀. Ferdinand Porsche ló ṣètò bí wọ́n ṣe máa ṣe Ìjàpá. Ọmọ rẹ̀, Ferry, ló ṣíwájú àwọn tó gbé Porsche 356 jáde ní 1948, ẹ̀yà ara Ìjàpá ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, kò ní rediétọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe àfijọ Speedster ní Amẹ́ríkà àti níbòmíràn fi máa ń wá Ìjàpá tó ti gbó kiri. Ní tiwa, Ìjàpá kò ṣọ̀wọ́n nígbà kan. Láti 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria ti ń tò ó ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó. Tísà ń wà á, nọ́ọ̀sì ń wà á, ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa ló jẹ́ pé òun ni wọ́n fi kọ́ ọkọ̀. Ní 2014, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, Segun Oyeyiola, sọ Ìjàpá di ọkọ̀ tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ ń gbé rìn, ìròyìn rẹ̀ sì kárí ayé. Ti ará wa yìí kò bá oòrùn da nǹkan kan pọ̀ o. Bẹntiróòlù ló ń mu, ó sì ń mu ún dáadáa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rò pé kò gbọdọ̀ ṣòro, ṣebí kó wo ibi tí Porsche fúnra wọn fi dígí sí kó sì fi tirẹ̀ síbẹ̀, ẹ gbọ́ èyí. Láàárín 1950 sí 1960, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ń jáde pẹ̀lú dígí inú kan ṣoṣo, tàbí kí wọ́n fi dígí ẹ̀gbẹ́ kan kún un lọ́wọ́ ibi tí awakọ̀ wà. Èyí tó kù, oníbàárà ló ń fi owó ara rẹ̀ ra á, ibi tó bá sì wù ú ló ń kàn án mọ́. Bí ẹ bá wo àwòrán ọkọ̀ ìgbà náà mẹ́wàá, ẹ lè rí ibi mẹ́rin tàbí márùn-ún tí dígí wà. Kò sí èyí tí a lè nawọ́ sí pé òun gan-an ni ti àtètèkọ́ṣe.

Fótò ló kọ́kọ́ ṣi ará wa lọ́nà. Ó rí ọkọ̀ àfijọ kan tó wù ú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó fara balẹ̀ wọn ibi tí dígí rẹ̀ wà, ó sì fi tépù onípépà tí àwọn pẹ́ńtà ń lò lẹ dígí tirẹ̀ síbẹ̀. Orí ló kó o yọ pé tépù ló fi lẹ̀ ẹ́, kò tíì gbé dírílì. Nígbà tó jókòó, tí ìyàwó rẹ̀ náà sì jókòó tì í, èjìká ìyàwó bo dígí ọ̀tún pátápátá. Ti òsì ńkọ́? Ó ti sá pamọ́ sẹ́yìn òpó gíláàsì iwájú, ìdajì rẹ̀ péré ló hàn. Ó tún fótò náà wò dáadáa ni àṣírí bá tú: ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ya ọkọ̀ náà, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì rẹ̀ wà.

Àwọn àgbà wa á rántí 2 April 1972, ọjọ́ tí Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì títì tó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, nígbà ìjọba Gowon. Gambia ti ṣe tiwọn ní 1965, Sierra Leone ní 1971, Ghana sì tẹ̀ lé wa ní 1974. Àwọn aládùúgbò wa tí Faransé ṣàkóso, ìyẹn Benin, Togo àti Niger, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń wà tẹ́lẹ̀, kò sì rọrùn kéèyàn máa dé Sẹ̀mẹ̀ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pààrọ̀ ọwọ́. Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa, tó ti ń wakọ̀ ṣáájú 1972, sọ fún wa pé ohun tó yọ òun lẹ́nu jù nígbà náà kì í ṣe títì, dígí ni. Ọkọ̀ onísítíárì ọ̀tún ló ní, ọwọ́ ọ̀tún ló ti wá ń rìn, ìyẹn ni pé òun gan-an wá jókòó sétí títì, tí gbogbo ohun tó fẹ́ yà á sílẹ̀ ń gba apá òsì kọjá, níbi tí kò ní dígí kankan. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin ló máa ń jókòó níwájú tí á máa wo ẹ̀yìn fún òun.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú awakọ̀ gan-an, lórí ìjókòó tirẹ̀, nínú ọkọ̀ tirẹ̀, ló ń yan ibi tí dígí máa wà. Fótò kò lè yàn án. Bẹ́ẹ̀ ni pánẹ́ẹ̀lì bítà tó dúró síta kò lè yàn án, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ já fáfá tó.

Nítorí náà, ìjókòó la kọ́kọ́ mójú tó. Ará wa ti fẹ́ fi dígí sí i ná kó tó wá fóòmù tuntun sórí ìjókòó, a ní kó yáa dúró. Fóòmù tó bá nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ojú awakọ̀ á gòkè ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti wọ̀n tẹ́lẹ̀ á sì di asán. Kí ìjókòó di bóòtù, kí fóòmù wà lórí rẹ̀, kí sítíárì wà ní àyè rẹ̀, kí awakọ̀ wọ bàtà tó máa fi ń wakọ̀, kó fẹ̀yìn tì bó ṣe máa ń fẹ̀yìn tì gan-an, kó má fi ẹ̀ṣọ́ jókòó bí ẹni tó fẹ́ ya fótò. Kí ẹni tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà wọlé jókòó.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀kan nínú wa di dígí mú lọ́wọ́ lórí ilẹ̀kùn òsì, ó ń sún un níwọ̀n ìka kọ̀ọ̀kan síwájú, sẹ́yìn, sókè, sísàlẹ̀. Ẹnì kejì dúró ní ogún mítà lẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú agboòrùn pupa. Iṣẹ́ awakọ̀ ni kó pariwo bó bá ti rí agboòrùn yẹn láìyí ọrùn ju díẹ̀ lọ. Ibi tó bá ti pariwo, a fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Ó dà bí eré ọmọdé lójú àwọn ará àdúgbò, àwọn ọmọ Gbagyi kan tó ń kọjá lọ tiẹ̀ dúró wòran, àmọ́ kò sí ohun èlò olówó ńlá tó máa ṣe é dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wákàtí méjì la fi ṣe ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò díẹ̀ kún un, torí ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Láti ojú awakọ̀ dé iwájú ilẹ̀kùn òsì, tépù ìwọ̀n wa fi sẹ̀ǹtímítà 70 hàn. Láti ojú rẹ̀ dé irú ibi kan náà ní ọ̀tún, ó jẹ́ 130. Ẹ wá gbé dígí pẹrẹsẹ kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Bó bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 70 sójú yín, ó máa fi nǹkan bíi mítà 3 títì hàn yín ní mítà 20 lẹ́yìn, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìbú ojú ọ̀nà ọkọ̀ kan. Ẹ gbé dígí kan náà sí 130, kò ní fi ju nǹkan bíi mítà 1.6 hàn. Bí ẹ bá wá gbé e lọ sórí fẹ́ńdà iwájú, tó jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 180, ó di mítà 1.2. Kẹ̀kẹ́ NAPEP fẹ̀ tó mítà 1.3. Ṣé ẹ rí i? Kẹ̀kẹ́ á wà lẹ́yìn yín gbáko, dígí yín kò ní lè gbé gbogbo rẹ̀ tán. Bí dígí bá ṣe ń jìnnà sójú tó ni ohun tó ń fi hàn ṣe ń kéré sí i tó.

Ohun tó ń gba èèyàn sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà ni dígí tó yọ ikùn síta díẹ̀. Ó ń kó ibi púpọ̀ wọlé. Ewu tirẹ̀ ni pé ó ń mú kí nǹkan kéré, ojú á wá rò pé ó jìnnà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sára dígí ọ̀tún àwọn ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá pé ohun tí ẹ rí nínú rẹ̀ súnmọ́ yín ju bó ṣe hàn lọ. A gba ará wa níyànjú pé kó lo dígí pẹrẹsẹ ní òsì, kó lo oníkùn ní ọ̀tún. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. A fi í sílẹ̀ kó rò ó.

Ibi mẹ́ta ló wà tí èèyàn lè fi dígí sí lára irú ọkọ̀ yìí: ilẹ̀kùn, fẹ́ńdà iwájú, tàbí férémù gíláàsì iwájú. Ti férémù kò gba àkókò wa. Àwọn ọkọ̀ bíi Lotus Seven, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1957, tí kò ní ojúlówó ilẹ̀kùn, ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú ni wọ́n sábà máa ń fi dígí sí nítorí pé kò sí ibòmíràn. Gíláàsì Speedster kúrú, férémù rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹ bá so nǹkan mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbígbọ̀n ni á máa gbọ̀n.

Fẹ́ńdà ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ó lẹ́wà, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa. Dígí kóńkó méjì lórí fẹ́ńdà tó yọ roboto bíi ti Ìjàpá, ó ń fani mọ́ra. Ní Japan, òfin fi dandan mú dígí orí fẹ́ńdà títí di 1983, torí pé awakọ̀ kò ní láti yí ojú kúrò ní iwájú kó tó rí i. Inú gíláàsì iwájú ló ti ń wò ó. Òótọ́ ni ìyẹn. Àmọ́ ẹ ti rí ìṣirò mítà 1.2 yẹn. Yàtọ̀ síyẹn, ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ kò lè nawọ́ kan dígí orí fẹ́ńdà. Bí ọmọ kékeré bá ti fọwọ́ gbá a níbi tẹ́ ẹ gbé ọkọ̀ sí, ẹ ní láti máa jáde, ẹ wọlé, ẹ jáde, ẹ wọlé, tàbí kẹ́ ẹ máa bẹ ẹni tó ń kọjá. Nígbà ọyẹ́ ńkọ́, tí eruku Àbújá bá bo gbogbo nǹkan? Ti ilẹ̀kùn, ẹ lè fi aṣọ nù ún láìdìde. Nínú irú ọkọ̀ yìí, bónẹ́ẹ̀tì iwájú ni ẹrù ń wà, kò sì gbọdọ̀ kọlu dígí nígbà tí wọ́n bá ṣí i. Abẹ́ fẹ́ńdà ni táyà ti ń sọ òkúta àti ẹrẹ̀ sókè, bóòtù ibẹ̀ kì í pẹ́ dípẹtà.

Ilẹ̀kùn ló borí, lójú tiwa. Àmọ́ kì í ṣe ibikíbi lára ilẹ̀kùn. Ní òsì, ó gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn òpó gíláàsì díẹ̀, kí ojú lè gba ẹ̀gbẹ́ òpó náà rí i, kó má sì lọ sẹ́yìn débi pé awakọ̀ á máa yí ọrùn bí ẹyẹ òwìwí. Ní ọ̀tún, ìdàkejì ni: ó gbọ́dọ̀ lọ síwájú, kí ojú lè gba inú gíláàsì iwájú rí i, níwájú èjìká ẹni tó jókòó síbẹ̀. Àmì ṣọ́ọ̀kì wa fi hàn pé ti ọ̀tún ní láti fi sẹ̀ǹtímítà 12 ṣíwájú ti òsì. Bí ẹ bá dúró síwájú ọkọ̀, ẹ máa rí i pé wọn kò dọ́gba. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti fẹ́ dìjà. Ará wa ní àwọn èèyàn á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ní Ìjẹ̀bú pé òun kò mọ nǹkan wọ̀n. A ní ẹni tó bá dúró síwájú ọkọ̀ kọ́ ló ń wà á.

Ohun tó yí i lọ́kàn padà kò ju ráńdábáòtù lọ. A kò gbé ọkọ̀ onítépù bọ́ síbẹ̀ o, inú ẹ́sítéètì la ti ń yí i. Corolla ọ̀kan nínú wa la kó sí, a sì jáde sí ráńdábáòtù Galadimawa ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn tó ń bọ̀ láti ìgboro ń pàdé àwọn tó ń lọ sí Lokogoma, Apo àti ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú. Láti 1972 yẹn, ọwọ́ òsì wa ni àárín ráńdábáòtù máa ń wà bí a bá ń yí i po, ọ̀tún la sì ń yà sí láti jáde. Ẹ̀gbẹ́ tí awakọ̀ jìnnà sí jù ló ń yà sí. A yí i po lẹ́ẹ̀marùn-ún. Lẹ́ẹ̀mẹrin nínú rẹ̀, bí a ṣe fẹ́ jáde, kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀kadà ti wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wa gẹ́lẹ́, tó fẹ́ gba àlàfo tóóró náà kọjá. Ìgbà kẹrin, kẹ̀kẹ́ náà kún fún èrò, obìnrin kan gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí wa. Ará wa dákẹ́ títí a fi délé. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ó lọ síwájú. Ẹ jẹ́ ó yọ ikùn náà."

Ọ̀rọ̀ gbígbọ̀n tún kù. Dígí ọkọ̀ kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní 1909, Dorothy Levitt, obìnrin ará Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń fi ọkọ̀ sáré ìje, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, The Woman and the Car, pé kí obìnrin tó bá ń wakọ̀ mú dígí ọlọ́wọ́ dání, kó lè máa gbé e sókè wo ẹ̀yìn. Ní 1911, Ray Harroun fi dígí sára Marmon Wasp rẹ̀ níbi eré ìje Indianapolis 500 àkọ́kọ́. Àwọn yòókù gbé mẹkáníìkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó máa bá wọn wo ẹ̀yìn. Òun nìkan ló jókòó sínú tirẹ̀, ó sì gba ipò kìíní. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò gbọ́ ni pé Harroun fúnra rẹ̀ sọ níkẹyìn pé bíríkì tí wọ́n tò sójú ọ̀nà náà mì dígí jìgìjìgì débi pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Bí bíríkì Indianapolis bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí lẹ rò pé ọ̀nà Òkénè máa ṣe?

Ara fáíbà tinrin, bí ẹ bá fi ìka tẹ àárín ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ń tẹ̀. Bí dígí bá dúró lórí ohun tó ń tẹ̀, á máa gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó súnmọ́ etí ilẹ̀kùn níwájú, níbi tí ìkọ́ ilẹ̀kùn wà, torí ibẹ̀ le jù. Kí apá dígí kúrú kó sì nípọn. Lẹ́yìn fáíbà náà, nínú ilẹ̀kùn, kí wọ́n fi pátákó irin tàbí alumíníọ́ọ̀mù tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ti ẹ̀yìn, kí bóòtù gba inú rẹ̀ kọjá, kí agbára má bàa dé sí ojú ihò kékeré kan ṣoṣo. Kí rọ́bà wà láàárín ẹsẹ̀ dígí àti ọ̀dà. Kí wọ́n lo wọ́ṣà tó fẹ̀, kí wọ́n má sì fi gbogbo agbára di nọ́ọ̀tì, fáíbà kì í ṣe irin, fífọ́ ló ń fọ́.

Kí wọ́n tó lu ihò náà, ẹ wo inú ilẹ̀kùn kí ẹ rí i pé bóòtù kò ní kan ohun tó ń ṣí i tó ń tì í. Kí wọ́n lẹ tépù sójú ibi tí wọ́n fẹ́ lu, kí ọ̀dà má bàa ṣí. Ẹnu dírílì kékeré ni kí wọ́n kọ́kọ́ lò, kí wọ́n wá máa fẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì bítà kan tó wá bá wa láti abúlé mẹkáníìkì Apo ló ṣe tiwa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ní ohun tó ń ba fáíbà jẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn ni ìkánjú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà wá ní Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì, tẹ́ ẹ ń wí pé kí ló kàn yín nínú ọkọ̀ spọ́ọ̀tù, ó kàn yín o. Dígí tí wọ́n jí lára Camry yín, tẹ́ ẹ lọ ra tòkúnbọ̀ rẹ̀ lọ́jà, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ara ọkọ̀ onísítíárì ọ̀tún ni wọ́n ti yọ ọ́. Ó lè wọ ihò rẹ̀ géérégé, àmọ́ ojú awakọ̀ tó wà ní ọ̀tún ni wọ́n ṣe ìtẹ̀sí rẹ̀ fún. Ẹ máa yí i, yí i, kò ní dé ibi tẹ́ ẹ fẹ́. Bákan náà, kí ẹ fín nọ́ḿbà ọkọ̀ sára dígí náà. Kì í dá olè dúró pátápátá, ó kàn ń jẹ́ kó nira fún un láti tà á.

Ti òfin kò gùn. VIO àti Road Safety máa ń wo dígí nígbà tí wọ́n bá ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọkọ̀ yẹ lójú títì, àwọn kan nínú wa sì ti jẹ́rìí sí i. Àjọ Road Safety yìí, ní 1988 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́, torí náà ọ̀rọ̀ kí ọkọ̀ má pa èèyàn kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ará wa ní ohun mìíràn láti ṣe: Ìjàpá ló wà nínú ìwé ọkọ̀ rẹ̀, ohun tó wà lójú kò sì jọ Ìjàpá mọ́. Kó lọ tún ìwé náà ṣe kó tó kọjá Gwagwalada.

Nígbà tí dígí méjèèjì di bóòtù tán, a kọ́ ọ bí yóò ṣe máa yí wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń yí dígí ẹ̀gbẹ́ débi pé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wa gan-an ló ń gba ìdá mẹ́ta rẹ̀. Kí la fẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wa ṣe? Kó gbé orí sí òsì díẹ̀, kó yí dígí òsì síta títí etí ọkọ̀ rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá nínú rẹ̀. Kó gbé orí sí àárín, kó ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti ọ̀tún. Kí ọkọ̀ tó bá ń kúrò nínú dígí inú máa yọ nínú dígí ẹ̀gbẹ́, kí èyí tó ń kúrò nínú dígí ẹ̀gbẹ́ sì ti wà ní ibi tí ojú lásán ti lè rí i. Bí wọ́n bá na òrùlé aṣọ sókè nígbà òjò, ojú fèrèsé ẹ̀yìn kéré púpọ̀, dígí ẹ̀gbẹ́ nìkan ló kù tó lè gbára lé.

A tún pe agboòrùn pupa náà padà, a dán an wò. Ó rí i lápá òsì. Ó rí i lápá ọ̀tún, àmọ́ etí gèlè ìyàwó rẹ̀ ń gé e díẹ̀. Ìyàwó ní òun ò ní tìtorí dígí má wé gèlè lọ sí Ojúde Ọba, kí wọ́n sún ìjókòó òun sẹ́yìn. Wọ́n sún un ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà, agboòrùn náà yọ kedere. Ihò tuntun ti wà nílẹ̀ ọkọ̀ fún ìjókòó náà báyìí. Bóòtù tó bá a mu ni wọ́n ṣì ń wá ní Apo títí di ìgbà tí a ń kọ èyí.